Ẹsẹ̀ Kì Í Hàn ní Pẹlẹbẹ

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Fẹ̀hìntọ́lá kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjèèjì wà nínú bàtà rọ́bà dúdú tí ìjọba ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè nígbà náà, wọ́n dúró ṣánṣán lórí iyanrìn. Ó wò wọ́n títí. Ọdún méjìlá ló ti ń wo sinimá yìí, kò rí ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀ rí.

"Mo ní kó o jókòó kí n tó ṣí i," Ràímì wí lẹ́yìn rẹ̀. "O ò gbọ́."

Ràímì ni agéwòrán àgbà ní ìlú Orí-Àpáta. Àwọn ojú tí ìjọba gbé kọ́ sórí òpó káàkiri ìlú máa ń ya àwòrán láti ojú ọ̀run títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, àwòrán ọ̀hún á ga fíofío bí ilẹ̀kùn ààfin. Aṣọ sinimá àdúgbò ńkọ́? Ó fẹ̀ ni, kò ga. Ó dà bí ẹní tí wọ́n fi ìbú tẹ́, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Pẹlẹbẹ. Kí àwòrán tó lè wọ Pẹlẹbẹ, Ràímì á gé òkè sọnù, á gé ìsàlẹ̀ sọnù. Ọ̀run á lọ, ilẹ̀ á lọ, á wá ku ojú àti èjìká. Gbogbo ohun tí àwọn ará Orí-Àpáta mọ̀ nípa ara wọn nínú sinimá, láti àyà sókè ni.

Àfi tòní. Lọ́sàn-án òní ni wọ́n fẹ́ ṣí Ògiri. Wọ́n ti ha ojú àpáta ńlá tó wà lókè ìlú títí ó fi dán, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn yí i ká, wọ́n to ẹgbẹ̀rún àga síwájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi hàn lójú Ògiri, òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni gé nínú rẹ̀, àfi bí ẹni tó ni àwòrán bá ní kí wọ́n gé e. Sinimá tí wọ́n sì fẹ́ fi ṣí i ni *Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Gúnlẹ̀*, Fẹ̀hìntọ́lá gan-an ni àlejò pàtàkì. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sára àga iwájú.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ, ẹ̀gbọ́n," ó wí.

Ràímì fọwọ́ kan gíláàsì ẹ̀rọ rẹ̀, àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Etí omi ni, lọ́jọ́ kẹta tí òkun gba gbogbo ìlú ìsàlẹ̀. Bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, ó rìn wá síwájú Fẹ̀hìntọ́lá, ó na gbalaja, ó dojú bo iyanrìn. Àwọn tó kù lẹ́yìn rẹ̀ doríkodò nínú omi, torí òfin ìgbà náà ni pé ará ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ gbójú sókè títí wọ́n á fi pè é. Fẹ̀hìntọ́lá inú àwòrán ní, "Ẹ dìde, bàbá." Lójú ẹsẹ̀ náà ni òǹtẹ̀ ìjọba, èyí tí wọ́n máa ń lù sí ọrùn ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá gbà sílùú, yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ etí bàbá náà. Omi iyọ̀ ti ń bọ̀ wá bò ó, bí omi iyọ̀ bá sì kan òǹtẹ̀, ó ti kú nìyẹn, òṣìṣẹ́ tó ni ín ti di ẹni à ń lé lọ. Fẹ̀hìntọ́lá bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí. Orúnkún rẹ̀ ò tẹ̀ bíńtín. Ó ṣa òǹtẹ̀ rẹ̀, ó gbọn iyanrìn kúrò lára rẹ̀, ó nu ún mọ́ síkẹ́ẹ̀tì. Ó pẹ́ kó tó nu ún tán. Lẹ́yìn náà ló wá nàró.

"Ó tó," Fẹ̀hìntọ́lá wí. Ojú ń gbóná fún un bí ẹni tó ṣí ìkòkò lórí iná.

Ẹ wò ó, bí wọ́n ṣe rí i ní Pẹlẹbẹ kọ́ nìyí rárá. Ní Pẹlẹbẹ, èèyàn á rí ojú bàbá arúgbó nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Á rí ojú ọmọ. Á gbọ́ "Ẹ dìde, bàbá." Lẹ́yìn náà, orí ọmọ á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á kúrò lójú àwòrán, á wá ku ọ̀run àti imú ọkọ̀ nìkan. Èèyàn lè ka ení dé ẹ̀wá kí orí náà tó yọ padà. Ibẹ̀ ni ẹkún ti máa ń bọ́. Obìnrin á fa ìborùn bojú, ọkùnrin á máa ṣe bí ẹni tí kòkòrò kó sí lójú. Wọ́n ní ẹ ò rí ọmọ gidi! Ó gbé òǹtẹ̀ ìjọba lọ́wọ́, ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ nínú omi iyọ̀ fún bàbá tó bí i.

Nígbà náà, ọmọ ará ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òǹtẹ̀. Fẹ̀hìntọ́lá ti purọ́ kó tó ríṣẹ́, ó ní ọmọ orí òkè lòun, ó ní òun ò ní bàbá mọ́. Nígbà tí àṣírí tú pé bàbá inú àwòrán ni bàbá rẹ̀, ẹni tó yẹ kí wọ́n lé dànù ni. Ṣùgbọ́n sinimá ti wọ Pẹlẹbẹ, gbogbo ìlú ti sunkún, ni wọ́n bá yí òfin padà torí rẹ̀. Títí di òní, bí ọmọbìnrin kan bá kàn tẹ orúnkún díẹ̀ níwájú àgbà, tíṣà á ní, "Kúnlẹ̀ dáadáa, bíi Fẹ̀hìntọ́lá."

Ta ló wá purọ́? Ràímì kọ́, bí aṣọ ṣe kéré mọ ló ṣe gé e. Fẹ̀hìntọ́lá náà á ní òun kọ́, wọn ò bi òun, òun ò sì sọ. Ọ̀gá tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ti kú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa lé e bá. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ pé ogún.

"Ẹ bá mi gé e, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

"N ò lè gé e. Ẹni tó ni àwòrán nìkan ló lè ní ká gé e, ìwọ kọ́ lo sì ni ín." Ràímì gbé pátákó àtàǹpàkò kalẹ̀ síwájú rẹ̀, ojú méjì ló ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. "Ìwọ náà mọ òfin. Ẹni tó bá rẹlẹ̀ jù nínú àwòrán ló ni ín. Bàbá ló wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ ọ̀tún, ìlú á rí gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ òsì, màá fi dúdú bo òkè àti ìsàlẹ̀, á rí bó ṣe ń rí ní Pẹlẹbẹ. Lọ bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀."

Ó rọrùn lẹ́nu! Láti ọjọ́ tó ti lọ mú bàbá rẹ̀ ní àgọ́ àwọn tí omi lé, lẹ́yìn òru mẹ́ta tí bàbá ti sùn lórí sìmẹ́ǹtì láàárín àjèjì, àwọn méjèèjì ò sọ ọ̀rọ̀ etí omi rí. Wọ́n jẹun pa pọ̀, wọ́n ṣàìsàn tira wọn, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Wọn ò sọ ọ́.

Nígbà tó délé, Bàbá Akínyọ̀sóyè ti múra tán. Ó wọ bùbá funfun, ó dé fìlà, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, ojú ọ̀tún ti fọ́, tòsì náà ń ṣe bí ìṣáná tó ti rin. Apẹja ni tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣì ń le bí ẹni tó ń pe ará ọkọ̀ kejì.

"Àmọ̀kẹ́! Ṣé kì í ṣe pé ọkọ̀ okùn ti fi wá sílẹ̀?" Oríkì rẹ̀ ló fi pè é.

"Rárá o, Bàbá. Ó kù díẹ̀ kó dé." Ó jókòó tì í. "Bàbá mi, mo ń rò ó pé èrò á pọ̀ jù lókè yẹn. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká dúró de ti Pẹlẹbẹ àdúgbò wa? Sinimá kan náà ni wọ́n á fi hàn lọ́la."

"Pẹlẹbẹ kẹ̀?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Kí n tún lọ máa wo orí tí kò lẹ́sẹ̀? Ojú tèmi yìí, òjìji ni mo máa ń rí ní Pẹlẹbẹ, ẹkún àwọn èèyàn ni mo fi ń mọ ibi tí wọ́n dé. Wọ́n ní ti Ògiri tóbi débi pé afọ́jú gan-an á mọ nǹkan kan."

"Kí lẹ fẹ́ rí níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò tíì mọ̀?"

Bàbá ń yí ọ̀pá lọ́wọ́.

"Orúnkún rẹ," ó wí níkẹyìn. "Mo mọ̀ pé a kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí. Nígbà tí mo rí ọ nínú aṣọ ìjọba, mo mọ̀ pé o ti purọ́ fún wọn kó o tó débẹ̀. Mo ní bí mo bá dúró, á máa hàn lójú mi pé èmi ni mo bí ọ. Mo bá na gbalaja, mo fojú bo iyanrìn, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. N ò rí nǹkan kan mọ́. Mo kàn gbọ́ tó o ní 'bàbá', òjìji rẹ sọ̀ kalẹ̀ lé mi lórí, ọwọ́ rẹ sì kàn mí létí. Háà! Mo ní ọmọ yìí ti ba tirẹ̀ jẹ́ nítorí mi. Inú bí mi sí ọ, inú mi sì dùn débi pé mo bu iyanrìn jẹ." Ó nu ojú kan tó ń ríran. "Mo fẹ́ rí orúnkún rẹ nínú iyanrìn kí n tó kú, ó tán."

Ìtìjú bo Fẹ̀hìntọ́lá láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó ti rò pé bàbá mọ̀ pé òun ò kúnlẹ̀. Ọdún méjìlá ló ti rò pé bàbá mọ̀, pé ó kàn dárí jì òun ni, pé ìyẹn ni kì í jẹ́ kó sọ ọ́. Àṣé bàbá gba Pẹlẹbẹ gbọ́ ju gbogbo ìlú lọ. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú kì í dáhùn nígbà téèyàn bá pè é.

"Ọkọ̀ okùn ti dé, Bàbá," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Nínú ọkọ̀ okùn tó ń gbé wọn gòkè, àwọn ọmọbìnrin iléèwé mẹ́ta rí i, wọ́n sì fi orúnkún méjèèjì lulẹ̀ gbì lórí irin.

"Ẹ kú ọ̀sán o, mà! A kúnlẹ̀ bíi tiyín!"

"Ẹ jẹ́ kó kanlẹ̀ o!" Bàbá kígbe, inú rẹ̀ ń dùn. "Kó kanlẹ̀ dáadáa! Ẹ máa tó rí bó ṣe yẹ kó rí!"

Fẹ̀hìntọ́lá kọjú sí gíláàsì. Ó ń wo omi nísàlẹ̀, níbi tí òrùlé ilé wọn àtijọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ká ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ń ṣí lójú ọ̀nà ni, bóyá ìbá bọ́ sílẹ̀.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn. Ràímì ń dúró dè wọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú pátákó. Ó wo Fẹ̀hìntọ́lá, ó rí i lójú rẹ̀ pé kò tíì sọ nǹkan kan. Ó mí kanlẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ òfin:

"Bàbá Akínyọ̀sóyè, ẹ̀yin lẹ rẹlẹ̀ jù nínú àwòrán yìí, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ṣé kí ìlú rí i tòkè tilẹ̀?"

"Tòkè tilẹ̀! Kí wọ́n má fi bíńtín sílẹ̀!" Bàbá ti na àtàǹpàkò. "Fi ibi ọ̀tún hàn mí."

Fẹ̀hìntọ́lá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ dúró, Bàbá."

Ràímì rọra gbé pátákó kalẹ̀, ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Kí ló dé?"

"Òǹtẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ mú."

"Òǹtẹ̀ wo?"

"Lọ́jọ́ náà. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ etí yín. Ẹ̀rù ń bà mí kí omi má kàn án. Òun ni mo bẹ̀rẹ̀ mú, Bàbá. N ò kúnlẹ̀. Orúnkún mi ò kanlẹ̀ rárá."

Bàbá ń wò ó. Ojú kan ọ̀hún kò ṣẹ́.

"Ṣùgbọ́n o pè mí ní bàbá," ó wí. "Etí mi ò fọ́. O pè mí."

Ó lè fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Ìyẹn nìkan. Kò sí ojú òpó kan láyé tó lè ya ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ èèyàn, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ó fẹ́ fi í sílẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ pé ó fẹ́. Àmọ́ irọ́ ti sú u bí oúnjẹ tí wọ́n ń gbóná lójoojúmọ́.

"Gbogbo arúgbó ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo pè ní bàbá," ó wí. "Bí mo ṣe pe àwọn tó kù ni mo ṣe pè yín."

Bàbá wá àga pẹ̀lú ọwọ́, ó jókòó. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Wọ́n ń gbọ́ ariwo èrò tó ń wọlé, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ọmọdé ń pe ìyá rẹ̀.

"Mo ti ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Omi ló gbé ìyá Fẹ̀hìntọ́lá lọ, kò sí oórì. "Gbogbo ìgbà tí mo bá dé etí omi ni mo máa ń sọ fún un. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọmọ wa kúnlẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ lọ sọ fún un báyìí?"

Ó nawọ́, ó ń wá pátákó náà kiri.

"Èwo ni òsì nínú nǹkan yìí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é nítorí mi. Ẹ ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí mi. Ó tọ́ sí mi."

"Ta ló ń ṣe é nítorí tìẹ?" Ohùn apẹja jáde, ó lu ògiri yàrá. "Bó o bá kúnlẹ̀ ni, ìdọ̀bálẹ̀ mi lérè, kí gbogbo ayé wá wò ó. Àmọ́ o ò kúnlẹ̀. Èmi nìkan ló wá wà nílẹ̀ yẹn! Kí ẹgbẹ̀rún èèyàn máa wo bí mo ṣe na gbalaja síwájú ọmọ tí mo bí, tí ọmọ náà ń na ọwọ́ gba orí mi kọjá torí òǹtẹ̀? Ìwọ nìkan kọ́ lojú ń tì, Àmọ̀kẹ́. Fi òsì hàn mí."

Fẹ̀hìntọ́lá fà á ní àtàǹpàkò, ó gbé e lé òsì. Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

Àwọn èèyàn dìde kí wọn nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí wọ́n fi jókòó. Lẹ́yìn náà iná kú, Ògiri là. Yéè! Omi bo ojú àpáta láti òkè délẹ̀, àwọn ará iwájú gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ó má baà rin. Wọ́n rí ọ̀run. Wọ́n rí ìdí ọkọ̀, wọ́n rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé tó ń fò sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Obìnrin kan ń kígbe pé, "Bàtà ìyá mi nìyẹn! Ẹ wo bàtà ìyá mi!" Gbogbo ohun tí Ràímì ti ń gé dànù láti ọjọ́ yìí wá, òun ló padà wá bá wọn.

Ìgbà tó kan bàbá arúgbó, dúdú já bọ́ látòkè, dúdú sì gùnkè láti ìsàlẹ̀. Àwòrán sún kì títí ó fi dà bí ẹní.

"Áà áà! Ṣé Pẹlẹbẹ náà ni wọ́n tún gbé fún wa ni?" ẹnìkan kùn lẹ́yìn.

"Dákẹ́ ńbẹ̀ jàre, ibi tó dáa jù ló kàn."

*Ẹ dìde, bàbá.* Ohùn náà jáde látinú àpáta, ó kún gbogbo gbọ̀ngàn. Fẹ̀hìntọ́lá gbọ́ bó ṣe tutù tó. Ó rò pé gbogbo èèyàn á gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, wọ́n ti ń sunkún. Ní òkè lọ́hùn-ún, orí rẹ̀ tó tóbi bí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú dúdú.

Òun náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ láàárín àga àti àga, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó fi ojú lé e, ó ń sunkún láìpariwo. Sìmẹ́ǹtì náà tutù, ó sì le. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Òkè ni gbogbo wọn ń wò.

Bàbá ò yí ojú kúrò lára Ògiri. Ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó wá a wá nínú òkùnkùn, ó bà lé e lórí, ó kàn án létí.

"Dìde," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju kí ọmọ rẹ̀ nìkan gbọ́ lọ. "Kò sí òǹtẹ̀ nílẹ̀ níbí."